Ẹ̀sùn lórí líìfùtì mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ wá kàn fún mi n'Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti pe nọ́ńbà yín títí, ọmọbìnrin tó ń gbé e á ní "Mà, a máa pè yín padà", ẹ ò sì pè, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé òun ò gbọ́. Èmi ni Alhaja oníbúrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà níbí l'Óṣogbo, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ kan réèlì mọ́ ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ kí fùláwà lè máa gba ibẹ̀ lọ sí sítọ̀ òkè.

Nígbà tí ẹ ń polówó, ẹ ní kò lo okùn, kò lo ọ́ìlì. Ẹ ní mágínẹ́ẹ̀tì oníná lẹ tò sára réèlì láti ìsàlẹ̀ dókè, èyí tó wà lókè á fa pẹpẹ ẹrù mọ́ra, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á kú, èyí tó tẹ̀lé e á gbà á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé òkè. Ẹ tún fi fídíò àwọn ará Jámánì hàn mí, ilé gogoro Rottweil tó ga ní mítà 246, níbi tí wọ́n ti fi líìfùtì tí ò lókùn han aráyé lọ́dún 2017. Mi ò bá yín jiyàn, ó ṣeé ṣe, mo fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ṣé bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn lẹ ṣe ṣe tèmi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, báàgì fùláwà kan, 50 kílò, ń gòkè lọ, ó kù díẹ̀ kó dé, iná lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iná ìlú wa kì í dágbére. Àfi gbàà! Pẹpẹ já wálẹ̀, báàgì bẹ́, fùláwà bo jẹnẹrétọ̀, ó bo ilẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọwọ́ kúrò níbẹ̀ pé òun fẹ́ gbé èkejì. Ọmọ yẹn ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́ o, kí ni mi ò bá lọ wí?

Ẹnjiníà yín wá, ó ní iná ló lẹ̀bi, kí n lọ ra ínfátà. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún líìfùtì ṣe l'Ékòó wà nílé lọ́jọ́ náà, ó ní kó ṣí bíréèkì yẹn ká rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Líìfùtì gidi, sípíríǹgì ló ń di bíréèkì mú, iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni kó fà á ṣí kí líìfùtì lè rìn, iná bá lọ, mágínẹ́ẹ̀tì á tú u sílẹ̀, sípíríǹgì á gbá a mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tiyín, iná ló ń tẹ bíréèkì mọ́ réèlì! Iná lọ, bíréèkì bá a lọ. Ínfátà wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe, tí bátìrì bá kú ńkọ́? Lọ́dún 1854 ni Otis, ará Amẹ́ríkà tó ṣe bíréèkì tí kì í jẹ́ kí líìfùtì já, ti dúró lórí pẹpẹ níwájú èrò nílùú New York, tó ní kí wọ́n gé okùn ẹ̀, tí pẹpẹ ò sì já wálẹ̀. 1854 o.

Ẹnjiníà yín tún ní òun á lẹ kọ́pà àti mágínẹ́ẹ̀tì tí kì í lo iná mọ́ ọn, bíi tàwọn ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń ju èèyàn sílẹ̀ látòkè. Ẹ fi kún un, mi ò kọ̀, àmọ́ ìgbà tí nǹkan bá ń rìn nìkan nìyẹn ń ṣiṣẹ́, á dẹwọ́ eré ẹ̀ ni, kò lè dá a dúró pátápátá.

Ká má tíì sọ ti agbára. Ẹ ní ó ń gbé 100 kílò, pẹ̀lú iná ibo? Nírọ̀lẹ́ tí fóòtéèjì wa bá wálẹ̀ sí 160, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ò ní dín díẹ̀ o, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí méjì, báàgì á dúró sáàárín ọ̀nà, á máa kùn hùnùnù, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sínú mágínẹ́ẹ̀tì, á sì máa gbóná torí dídúró lásán náà iná ló ń jẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru. Tó bá pẹ́ díẹ̀, òórùn wáyà tó ń jó á gba inú bẹ́kìrì. Réèlì yẹn náà ò tọ́, àlàfo tó wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì àti pẹpẹ fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ tí àlàfo bá di ìlọ́po méjì agbára ẹ̀ lè ṣẹ́kù ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Ẹ mọ ohun tí ẹnjiníà yín fi tún un ṣe? Páálí ìndómí! Ó ká a, ó ki í sẹ́yìn réèlì, ó ní "Mà, ó ti dúró". Mi ò tíì yọ ọ́, kí ẹ lè wá wò ó fúnra yín.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ pààrọ̀ bíréèkì yẹn sí oní-sípíríǹgì lówó yín, ẹ tún réèlì tò, kí ẹ sì san owó fùláwà mi. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, a ó di ẹrù lé e, èmi fúnra mi ni máa pa iná láti mítà nígbà tó bá wà lókè, tó bá dúró gbáà, ẹ gba owó yín tó kù. Tí kò bá dúró, ẹ tú irin yín, kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, torí àwọn aláàrù ni mo tún ń sanwó fún báyìí. Ẹ má rán onípáálí yẹn wá mọ́. Kí ẹ sì pè mí kí ẹ tó wá, ẹ má wá lọ́sàn-án Jímọ̀, mi ò ní í sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni oníbàárà yín,
Alhaja oníbúrẹ́dì, Ìgbọ̀nà, Òṣogbo