Mo béèrè bí fíríìjì wọn ṣe tutù tó

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ilé ìwòsàn aládàáni ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ mi lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí n kò fẹ́ tò. Mo béèrè bí fíríìjì wọn ṣe tutù tó, nọ́ọ̀sì kàn ń wò mí ni. Bẹ́ẹ̀, láàárín 2°C sí 8°C ló yẹ kí àjẹsára wà! Mo bá gbé ọmọ mi lọ sí ti ìjọba. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n ṣe ṣí ìgò BCG (àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ) tuntun, tí wọ́n kọ aago sí i lára. Tó bá ti pé wákàtí 6, dídànù ni èyí tó bá kù, bẹ́ẹ̀ ìgò kan ń tó ọmọ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn ìkókó jọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin aládàáni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ ìwé ìwọ̀n òtútù mọ́ fíríìjì yín, kí àwa ìyá lè rí i.

Èmi ni,
Ìyá Ìkókó