Kí Ẹ Tó Yan Ilé Ẹ̀kọ́ Jiu-Jitsu: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ilé ẹ̀kọ́ jiu-jitsu wo ló dára jù fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ohun tí ẹ sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni ife ẹ̀yẹ tí olùkọ́ gbà àti àwòrán tó wà lára ògiri. Mi ò ní kí ẹ má wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni ọwọ́ àwọn tó ń jà níbẹ̀.

Nínú jiu-jitsu, a kì í lu ara wa. Dídì mọ́ra ni, gbígbé ṣubú ni, lẹ́yìn náà a ó ká ẹnì kejì lápá tàbí kí a fún un lọ́rùn títí yóò fi gbà pé a ti borí òun. Tó bá ti gbà, yóò fi ọwọ́ gbá ara ẹni tó mú un, tàbí kó gbá ilẹ̀, tàbí kó kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún ènìyàn lọ́rùn dáadáa, tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ dí lọ́tùn-ún lósì, ó lè dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí wọ́n bá sì lọ́ gìgísẹ̀ ènìyàn, iṣan orúnkún lè já kí ìrora tó dé rárá. Gbogbo ohun tó dáàbò bo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ò ju pé kí ẹnì kejì tú yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ gbá a.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìjàkadì wọn, kí ẹ wo kíláàsì kan látòkè délẹ̀. Ẹ wá ẹni tó tóbi jù níbẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó nígbà tí wọ́n bá fún un ní ẹni tuntun. Mo rí irú rẹ̀ kan: òmìrán ènìyàn, ìgbànú elésè àlùkò, ti ẹni tó ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, ló dè, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì ní kí ó bá jà. Ó mú apá ọmọ náà, ó nà án, ó wá dúró. Kò fà á. Ìka méjì péré ni ọmọ náà fi kàn án léjìká, kíá lọwọ́ ńlá yẹn ti ṣí. Ó ní, “Ó dáa. Wo ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ wà. Jẹ́ ká padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀, n ó fi bí wàá ṣe yọ apá rẹ hàn ọ́.” Níbi tí ẹ bá ti rí èyí, ẹ lè wọlé.

Àmọ́ tí ẹnì kan bá gbá ilẹ̀, tí ẹni tó mú un tún fún un díẹ̀ sí i kó tó tú u, tí olùkọ́ sì rí i tó gbójú kúrò, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Kódà bí olùkọ́ náà bá ti gba ife àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ ẹni kékeré ni jiu-jitsu láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mitsuyo Maeda, ará Jàpáánì tó kọ́ júdò ní Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní 1882, dé Brasil ní 1914, ó sì kọ́ Carlos Gracie, ọmọ Brasil, ní ẹ̀kọ́ tó wá di jiu-jitsu yìí. Hélio tó jẹ́ àbúrò Carlos kò lágbára púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbájú mọ́ ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń ṣẹ́gun ẹni tó jù ú lọ. Ní 1993, Royce ọmọ Hélio borí ọkùnrin mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú UFC àkọ́kọ́, ìdíje tí àwọn oníjà oríṣiríṣi ti ń kojú ara wọn, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló sanra jù níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn alágbára ti ń fi àwọn tí kò lágbára ṣeré lójoojúmọ́ ti sọ ìdí ẹ̀kọ́ náà nù, lójú tèmi.

Ẹ má bẹ̀rù láti bi olùkọ́ pé ta ló de ìgbànú dúdú mọ́ ọn nídìí. Abéèrè kì í ṣìnà. Ojúlówó olùkọ́ á dárúkọ ẹni náà láìṣẹ́jú, inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn. Láti ìgbànú funfun, a ó gba búlúù, elésè àlùkò àti búráùn kọjá ká tó dé dúdú, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọdún 10. Ẹni tó bá ṣèlérí ìgbànú dúdú fún yín láàárín ọdún méjì, owó yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé ìgbànú olùkọ́ kò tíì dúdú kọ̀ ọ́. Mo mọ àwọn búráùn tí wọ́n ń kọ́ni ju ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní kíláàsì ọ̀tọ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n ju ẹni tó dé lónìí sínú ìjà ìdánrawò pẹ̀lú ẹni tó ti ń múra ìdíje. Ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ṣubú, bí a ṣe ń mí lábẹ́ ẹni tó wúwo, àti ìgbà tó yẹ kí ó gbà.

Ẹ wo ẹní náà pẹ̀lú. Làpálàpá àti eéwo máa ń ràn níbi tí awọ ara ti ń kan ara. Ṣé wọ́n ń fọ ẹní lójoojúmọ́? Ṣé wọ́n ń wọ bàtà lọ sílé ìyàgbẹ́? Olùkọ́ tó dá ẹni tó ní làpálàpá padà sílé ń ṣe yín lóore.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú kíláàsì, kí ẹ wá ọ̀kan nínú wọn bá sọ̀rọ̀ níta, níbi tí olùkọ́ kò ti ní gbọ́. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Nínú eré yìí, àwọn olùkọ́ kan ti fi ipò wọn ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ìgbànú dúdú kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ènìyàn rere. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú àbúrò yín lọ, ibi tí wọn kò bá ti jẹ́ kí ẹbí jókòó wòran, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀.

Ti owó kò gùn. Ẹ ka ìwé àdéhùn tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ san ti oṣù kan kí ẹ tó san ti ọdún, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gba owó lórí ìgbànú. Tí ilé ẹ̀kọ́ méjì bá sì dára bákan náà, èyí tó sún mọ́ ilé ni kí ẹ mú, torí òun lẹ ó máa lọ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín.

Tí ẹ bá ti wọlé tán tí ẹ wá rí i pé ibẹ̀ kò bá yín mu, ẹ lè kúrò. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kúrò ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dè yín mọ́lẹ̀. Ẹ san gbèsè tó bá kù, ẹ lọ bá olùkọ́ lójúkojú, ẹ dúpẹ́ ohun tó kọ́ yín, ẹ sì wá ibòmíràn lọ.

Èmi ni, bàbá yín tó fẹ́ kí orúnkún yín pé.