Ìyá Ìbejì, bá mi sọ fún Kẹ́hìndé nípa Jákàńdè

Ìsọlọ̀, Èkó.
Oṣù Kejì, 2025.

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá wọn ń kọ́? Àwọn ìbejì ń kọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò dẹwọ́ lọ́dún yìí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Ìbéèrè Kẹ́hìndé ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Mo sọ fún un lórí fóònù pé Jákàńdè là ń gbé, ló bá ní, "Àǹtí, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Fóònù já kí n tó dáhùn. Inú mi dùn pé ó béèrè, nítorí àwọn ọmọ inú ẹ̀sítéètì wa gan-an kì í béèrè. Orúkọ ibùdókọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kọ̀ńdọ́ á kígbe "Jákàńdè, wọlé!", wọ́n á wọlé, ó tán.

Sọ fún un pé ọmọ Èkó ni Alhaji Lateef Jákàńdè. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí i sí, ní 1929. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di olóòtú àgbà fún Tribune. Nígbà tí wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ní 1963, wọ́n fún òun náà ní ọdún méje. Ọdún 1966 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo fẹ́ kó yé àwọn ọmọ náà jù. Ṣé o rántí àfútánúùn? Àwọn kan á ti kàwé láàárọ̀, àwa á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ kíláàsì nígbà tí oòrùn ti mú, tó ti rẹ tíṣà, tí oorun ń kun gbogbo wa. Láàárọ̀ yẹn, ìdí àtẹ ìyá wa la máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìgbà yẹn ni igbá orí wọn gbà lọ́wọ́ ìwé pátápátá. Jákàńdè di gómìnà Èkó ní oṣù kẹwàá 1979, ó ní òun ò fẹ́ àfútánúùn mọ́, gbogbo ọmọ ni yóò máa lọ láàárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kíláàsì ò tó? Ó ní kí wọ́n kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe sáré kọ́ àwọn búlọ́ọ̀kù gbọọrọ yẹn nìyẹn, tí ògiri wọn ò ga, tí kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára wọn. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Nínú "ilé adìyẹ" yẹn ni wọ́n ti kọ́ ìwọ tó ò ń tọ́jú aláìsàn lọ́hùn-ún. Ká ní gómìnà dúró de ìgbà tí owó ilé ìwé tó rẹwà máa pé, a ti máa di ìyá ọlọ́mọ kí àfútánúùn tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn ilé tí a ń pè ní Jákàńdè náà, ní Ìsọlọ̀, ní Àmúwò, ní Abẹ́sàn, títí dé ọ̀nà Lẹ́kkí, kì í ṣe ilé àwòṣífìlà. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ò pọ̀ ni wọ́n kọ́ wọn fún. Òun alára, inú ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé nígbà tó ń ṣe gómìnà, ibẹ̀ náà ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́tò tirẹ̀, Toyota Crown, ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìwé ìjọba ni àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Bí tíṣà ò bá wá, ọmọ tiẹ̀ náà ò ní kàwé lọ́jọ́ yẹn! Mi ò tíì rí irú ẹ̀ mọ́ láàárín àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí, mo sì ń wá a.

Ọ̀rọ̀ reluwé ló ń mú mi bínú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Agége. Àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ ìkẹyìn ọdún 1983, nígbà tó di 1985, wọ́n fagi lé e. Owó Èkó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là wọgbó, a ò sì rí ọkọ̀ kan ṣoṣo lórí irin. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó láti Marina sí Mile 2. Wo iye ọdún tí a fi jókòó sínú gosiló!

Mi ò ní fi ti Abacha pa mọ́ fún ọ. Lẹ́yìn June 12, nígbà tí ara ń ta gbogbo wa, Jákàńdè gba ipò mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé lábẹ́ Abacha. Lójú tèmi, kò yẹ kó gbà á. Bàbá mi bínú sí i gan-an, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ "Bàbá Kékeré" tí wọ́n ń pe Jákàńdè mọ́. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn ilé ìwé yẹn létí òun.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 2021 ló kú, ẹni ọdún 91. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín sí Ìkòyí.

Fọ́tò tí gbogbo wa yà níwájú búlọ́ọ̀kù wa, ọwọ́ rẹ ló wà. Jọ̀ọ́, fi hàn án, kó o sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bá mi kí Táyé.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Bọ̀dé