Má ra aṣọ tuntun fún mi jọ̀ọ́

Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù London ńkọ́? Mo gbọ́ ohun tó o ní o fẹ́ ra yáàdì aṣọ ránṣẹ́ sí mi fún àwọn ère tí mò ń fi aṣọ rán. O ṣé gan-an, àmọ́ má rà á jọ̀ọ́. Èyí tó ti gbó nílé ẹ ni mo fẹ́, kọ́tìnì tó ti ṣá, tówẹ̀lì tó ti fẹ́lẹ́. Aṣọ tuntun le, kì í gbọ́ ti abẹ́rẹ́.

Orí obìnrin kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ìró àdìrẹ màmá wa ni mo fi ṣe ojú ẹ̀, ibi tí wọ́n máa ń ká mọ́ ìbàdí ti ṣá ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo fi ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ̀n òwú inú pílò àtijọ́ àti èékù aṣọ ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo kì sínú ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kún dáadáa o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí á wó. Tó bá wá kan ojú, màá ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ̀ ọ́ látẹ̀yìn jáde síwájú, màá tún dá a padà, màá wá máa fa òwú yẹn díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń fà á ni ibi tí ojú wà á máa jìn wọlé, imú á sì yọ fúnra ẹ̀. Háà, mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn!

Ṣó o rántí ère aláǹtakùn gàgàrà tí wọ́n gbé sí Tate Modern, ilé iṣẹ́ ọnà ní London níbẹ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2000? Louise Bourgeois ló ṣe é, torí ìyá ẹ̀ ló ṣe ṣe é. Aṣọ híhun àtijọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri làwọn òbí ẹ̀ máa ń tún ṣe ní Faransé. Òun náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ara ẹ̀ tó ti kó pa mọ́ látìgbà èwe, tówẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ó ń fi wọ́n rán orí èèyàn, kò sì fi ojú rírán pamọ́ rárá. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n, ẹ̀kú eégún míì, aṣọ lórí aṣọ ni, wọ́n á kàn máa fi tuntun kún ti àtijọ́ ni.

Torí náà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì táwọn ọmọ fi sùn nígbà tí wọ́n kéré, tó o bá ṣì ní in, fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó o sá a kó gbẹ dénú, torí tí ọ̀rinrin bá wà lára ẹ̀ inú ère á bu. Tó bá ti ya, má lẹ̀ ẹ́ o, èmi ni mo mọ ohun tí màá fi ibẹ̀ ṣe.

Bá mi kí ọkọ ẹ.

Èmi náà ni,
Tóyìn