Ẹ fi Yorùbá là á yé wọn, òyìnbó náà á wọlé

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọpọlọ.

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní àgbàlagbà tó bá fẹ́ mọ òyìnbó sọ, kó yáa pa Yorùbá tì pátápátá, kó má tiẹ̀ fi bá ọmọ inú ilé sọ̀rọ̀, kó wá máa há wọ́ọ̀dù mẹ́wàá mẹ́wàá sórí lójoojúmọ́ látinú díkíṣọ́nárì. Mo kà á tán mo tún un kà, mo ní háà. Lẹ́sìn òyìnbó ìrọ̀lẹ́ fáwọn àgbà ni mo ń ṣe ní Ṣágámù níbí, òun ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ẹni tó bá mọ Sábó wa á mọ àwọn ìyá olóbì. Gbànja ni wọ́n ń tà fáwọn Haúsá tó ń kó o lọ sókè Ọya, ó ti pẹ́ tí òwò yẹn ti wà, torí àbàtà làwa fi ń ṣorò, gbànja làwọn ń rà. Àwọn ìyá yìí ń sọ Haúsá bí ẹní mumi. Wọ́n ń fi ná ọjà, wọ́n ń fi sin gbèsè, tọ́rọ̀ bá sì dìjà wọ́n á fi búúyàn dáadáa. Ta ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé Yorùbá? Ta ló gba fáìnì lọ́wọ́ wọn bí àwọn ilé-ìwé kan ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá ẹ̀? Ṣùgbọ́n tó bá ti kan òyìnbó, ìyá yẹn kan náà á ní "tíṣà, orí mi ò gbé e." Orí tó gbé Haúsá! Kì í ṣe orí jàre, ìtìjú ni. Tí wọ́n bá ṣi Haúsá sọ, oníbàárà á tún un sọ fún wọn, wọ́n á sì máa bá ọjà lọ, àmọ́ tí wọ́n bá ṣi òyìnbó sọ, ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí wàhálà wà gan-an, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe ń rí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yíra padà. Mo lọ, mo ti lọ, mò ń lọ, màá lọ, "lọ" ò kúrò ní "lọ", àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo làálàá. Òyìnbó ní tiẹ̀, go á di went, á tún di gone, wọ́n á sì tún ní kó o mọ ìgbà tí have á wà níwájú ẹ̀ àtìgbà tí did á wà níbẹ̀. Tí ò bá sẹ́ni tó là á yéèyàn lédè tó gbọ́, á kàn máa mi orí nínú kíláàsì ni, tó bá délé á máa sọ "did you went" títí ayé.

Ìyá kan tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú máa ń wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n láwọn kọ́sítọ́mà l'Ékòó tí ò gbọ́ Yorùbá rárá, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n má kọ àròkọ kankan fún mi, mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an ni kí wọ́n kọ sínú ìwé ẹsẹsáìsì. Wọ́n kọ "I have sent it yesterday. Did you received it?" Mi ò fi bíírò pupa fa nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, did yìí ti gba iṣẹ́ àná ṣe, ẹ má tún gbé e fún receive mọ́, ẹnìkan ò ní gba owó iṣẹ́ ẹni méjì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fúnra wọn pa d yẹn rẹ́. Wọ́n wá bi mí pé have tó wà lókè ńkọ́, ṣé òun náà ò jẹ̀bi? Mo ní ó jẹ̀bi, torí tí yesterday bá ti wọlé, have gbọ́dọ̀ jáde. Tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní gáráàjì, tẹ́ ò dárúkọ ọjọ́, "I have sent it" dára, tẹ́ ẹ bá ti ní àná, "I sent it yesterday" ni. Wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ sókè, lójú mi báyìí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ látorí fóònù wọn. Yorùbá la fi sọ gbogbo àlàyé yẹn o, ẹ sọ fún mi ibi tó ti pa òyìnbó lára.

Ti wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń há, ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú. Aránṣọ kan tó fẹ́ jókòó ṣe WAEC wá bá mi, ó mọ perambulate, ó mọ gargantuan, àmọ́ "I borrowed my brother money" ló kọ, owó tó yá àbúrò ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ti wá di onígbèsè! "I lent my brother money" ló yẹ kó kọ. Irú èyí ló yẹ kéèyàn kọ́ kó tó débi gargantuan: lend àti borrow, bring àti take, since àti for. Àwọn tó ń máàkì WAEC náà kì í ka wọ́ọ̀dù ńlá bẹ́ẹ̀, nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 jẹ́ ti ohun tóo sọ, 10 jẹ́ ti bóo ṣe tò ó, 20 jẹ́ ti bóo ṣe lo èdè, 10 tó kù jẹ́ ti sípẹ́lì àti àmì, gírámà tó bá sì wọ́ á gé lára ẹ̀.

Mo gba ibì kan fún ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn sha, kò sẹ́ni tó ń mọ èdè tí ò sọ ọ́. Nínú lẹ́sìn wa, tó bá ti kù díẹ̀ ká túká, òyìnbó nìkan la máa ń sọ, ẹni tó bá sì fi ẹlòmíì rẹ́rìn-ín ló máa gbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà n'Ílé-Ifẹ̀, wọ́n wá fi tíṣà tó mọ òyìnbó dáadáa kọ́ wọn ní òyìnbó lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú òyìnbó rárá. Àwa tí a wà ní Rẹ́mọ, níbi tí Awólọ́wọ̀ ti wá, tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, ṣé àwa ló yẹ ká máa dẹ́rù ba àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìwé?

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín nìyí. Ẹ yọ igun kékeré kan sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbólóhùn òyìnbó mẹ́ta mẹ́rin péré, irú èyí tí ọlọ́jà, aránṣọ tàbí ẹni tó ń wáṣẹ́ máa lò lóòótọ́, ká fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà inú ẹ̀ sábẹ́, ká wá fi àyè sílẹ̀ kí òǹkàwé kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Mo ṣetán láti máa kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa béèrè ni pé kẹ́ ẹ bá mi fi àmì orí Yorùbá ẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, torí ẹ máa ń gé e dànù.

Tíṣà lẹ́sìn,
Ṣágámù.