Ẹ kọ́ èdè wọn kí ẹ tó wọ bàálù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn n'Íbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti rí àyè láti lọ lo oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Jámánì, kí wọ́n sì padà wá parí ẹ̀kọ́ wọn nílé. Inú mi dùn dọ́ba. Èmi náà lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọdún karùn-ún, oṣù mẹ́ta péré. Físà, owó bàálù àti kóòtù òtútù ni mo rí pé ẹ ń sá kiri lé lórí. Òtútù kò ní pa yín, ẹ ó rí kóòtù rà lọ́hùn-ún. Èdè ni kí ẹ wá.

Wọ́n á ti sọ fún yín pé gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn dókítà gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń rán láti fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, láti ibùsùn kan dé èkejì, ìwọ nìkan pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́ rẹ. Ìyá arúgbó tó ti abúlé wá ńkọ́? Ta ni yóò túmọ̀ fún ọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sétí ibùsùn, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Mo ti so rọ́bà mọ́ wọn lápá, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ìgò kejì ti ń kún, ni wọ́n bá wojú mi, wọ́n ní: "Mir wird schwarz vor Augen." "Schwarz" nìkan ni mo dá mọ̀ níbẹ̀, ìyẹn dúdú. Mo rò pé àwọ̀ mi ni wọ́n ń bú. Ó dùn mí wọra. Mo fajú ro, n kò dá wọn lóhùn, mo ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ. Kí n tó yọ abẹ́rẹ́, wọ́n ti wó lé mi láyà.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n wí? "Ojú mi ti ń ṣókùnkùn." Ohun tí ìyá tó ti Ìsẹ́yìn wá sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá wa n'Íbàdàn, yóò wí kó tó dákú nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ń ké sí mi pé kí n gba àwọn, mo pè é ní èébú. Nọ́ọ̀sì kan ló sáré wá gbé ẹsẹ̀ wọn sókè tí wọ́n fi jí. Ìyá yìí kan náà ló wá di ọwọ́ mi mú, tí wọ́n ń tún gbólóhùn náà sọ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lápò mi.

Yorùbá tí ẹ gbọ́ yóò ràn yín lọ́wọ́. Àwọn náà ní "ẹ" àti "o" tiwọn: "Sie" fún àgbà àti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, "du" fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kò ní pe arúgbó ní "du". Wọ́n ń kọ́ èdè Jámánì ní Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ lọ bá wọn lónìí. Kì í ṣe èdè tí ẹ ó fi ra búrẹ́dì nìkan o. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé inú ń run mí, òòyì ń kọ́ mi, èémí mi kò délẹ̀.

Ti ìwé kò gùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka yín buwọ́ lu ìwé tó sọ pé iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lọ́hùn-ún yóò kà nílé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè wá tún un ṣe. Ẹ tètè gba àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gún un, ó sì ń tó oṣù 6 kó tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ kúkú parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, kó mọ̀ pé ìdánwò MDCN, àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ń dúró dè é tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò kàwé ìṣègùn ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dé sí Arò l'Ábẹ́òkúta, àárín ará abúlé ni wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, tàwọn ti ẹbí wọn, wọ́n sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń tọrọ fún yín.

Ìwé pélébé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Ẹni tó bá ti gba físà, kó yà wá dà á kọ.