Lẹ́tà láti Àkúrẹ́: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara àwa náà le níbí, a dúpẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ̀yìntì tó bá ẹni láàyè, tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé ni, oore ńlá ni. Kú oríire. Pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ gbéra láti Houston, kí ẹ máa fi píkọ́ọ̀pù fa kámpà, ilé onítáyà yẹn, kiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ẹ máa sùn níbi tó bá wù yín, ó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀ lórí píkọ́ọ̀pù F-150 ti Ford tí ọkùnrin tó ń ta mọ́tò yẹn fi hàn ọ́.

O ní ó sọ pé ọkọ̀ náà lè fa 11,000 pọ́ùn, pé kámpà tí ẹ fẹ́ rà kò ju 5,600 lọ, pé ààyè ṣì pọ̀. Nọ́ńbà méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, kí wọ́n sì tún ṣì ọ́ lọ́nà. Agbára ìfà ni 11,000 yẹn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó máa fa kámpà ní láti kọ́kọ́ gbé e ná, torí pé imú kámpà máa ń jókòó lé ìdí ọkọ̀ ni. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sì máa ń kún tipẹ́tipẹ́ kí agbára ìfà rẹ̀ tó tán.

Ohun tí imú yẹn ń gbé lé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbogbo kámpà. Tí kò bá tó 10, ìdí kámpà á máa fì sọ́tùn-ún sósì lójú títì, ó sì lè gbé ọkọ̀ ṣubú. Ká fi kòkó ṣe é, torí òun la jọ mọ̀: àpò mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Kámpà tó wọn 6,700 pọ́ùn, tí imú rẹ̀ sì wọn 820, àpò kòkó mẹ́fà lo ti dì lé ìdí píkọ́ọ̀pù kó o tó gbé àpótí kan ṣoṣo sínú rẹ̀.

Padà lọ síbẹ̀ lọ́la, kó o ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí, sítíkà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà sí. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àpapọ̀ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ. Iye yẹn ni kó o kọ sílẹ̀. Ti ọkọ̀ yẹn gan-an ni, kì í ṣe ti ìwé ìpolówó. Píkọ́ọ̀pù méjì tí orúkọ wọn, ọdún wọn àti ẹ́ńjìnnì wọn bára mu lè fi ọgọ́rùn-ún pọ́ùn mélòó kan yàtọ̀ síra, torí pé òrùlé onígíláàsì, àga aláwọ, irin ìgbésẹ̀ àti táyà ńlá, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ nínú ẹrù tó lè gbé. Èyí tó lẹ́wà jù nínú wọn ló sábà máa ń gbé ẹrù tó kéré jù.

Ká ní 1,480 ni sítíkà kọ. Ìwọ àti ìyàwó wa, ká pè é ní 380. Irin ìkọ́ fúnra rẹ̀, 90. Wàyí o, 5,600 tí ọkùnrin yẹn pè jẹ́ ti kámpà òfìfo, kò sí bátìrì níbẹ̀, kò sí gáàsì, kò sí omi, kò sí ìkòkò kan. Má fi ṣírò. Wo sítíkà ara kámpà, lẹ́bàá iwájú lápá òsì lóde, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Ká ní 7,000 ni. Mú 13 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 910 nìyẹn. Ró gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1,380. Ohun tó kù fún ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kò ju 100 pọ́ùn lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan á gba bí ìdajì rẹ̀, odó àti ọmọ odó tí mo mọ̀ pé ìyàwó wa ò ní fi sílẹ̀ nílé á gba èyí tó kù.

Omi náà wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ 8.3 pọ́ùn, nítorí náà táǹkì 40 gálọ́ọ̀nù tó kún lé ní 330. Bí omi bá wà ní ibi tí ẹ ń lọ, pọn ún nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Sílíńdà gáàsì méjì tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 75, orí imú gan-an ni wọ́n sì máa ń gbé wọn sí.

O rántí gbẹ́gilódò tó máa ń jáde nínú igbó, tí gẹdú tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí imú rẹ̀ ń wo òkè? Ohun tó ń ṣe é ló máa ṣe píkọ́ọ̀pù tí imú kámpà tẹ̀. Sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, táyà iwájú ò ní dì mọ́ ilẹ̀ dáadáa, bíréèkì iwájú tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù á pàdánù agbára, iná ọkọ̀ á sì máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi nílò ìkọ́ tó ń pín ẹrù, èyí tó ní ọ̀pá irin méjì tó máa ń tì sábẹ́ ọrùn kámpà. Kó o tó so kámpà, wọn ilẹ̀ dé etí bọ́dì lókè táyà iwájú. Ká ní 37 íǹṣì ni. So ó láìfi ọ̀pá sí i: bóyá ó di 38. Fi ọ̀pá sí i báyìí: ó yẹ kó padà sí 37 àbọ̀, ó kéré tán. Tí kò bá tíì wálẹ̀ tó, fún ṣéènì tó so ọ̀pá mọ́ kámpà le sí i ní ojú kan. Má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 37, torí nígbà náà táyà ẹ̀yìn ló máa fúyẹ́, òjò kékeré á sì máa yọ̀ ọ́. Mọ̀ dájú pé ìkọ́ yìí ò fi kún nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn. Ihò onígun mẹ́rin tí ìkọ́ ń wọ̀ nídìí ọkọ̀ náà sì ní sítíkà tirẹ̀. Kà á.

Àgbẹ̀ kòkó kì í gba ìwọ̀n lẹ́nu alágbàtà, ojú òṣùwọ̀n ló máa ń wò, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé epo ńlá tí àwọn onítírélà ti ń sinmi, òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní CAT Scale, owó rẹ̀ ò pọ̀. Táyà iwájú ọkọ̀ á wà lórí pátákó kìíní, ti ẹ̀yìn lórí èkejì, ti kámpà lórí ẹ̀kẹta. Di gbogbo ẹrù bí ìgbà tí ẹ ń lọ gan-an, kún epo, kí ìyàwó wa jókòó sínú ọkọ̀. Gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta: pẹ̀lú kámpà àti ọ̀pá, pẹ̀lú kámpà láìsí ọ̀pá, lẹ́yìn náà ọkọ̀ nìkan. Ká ní láìsí ọ̀pá, iwájú jẹ́ 3,000, ẹ̀yìn 3,620, kámpà 5,880. Ọkọ̀ nìkan, iwájú 3,260, ẹ̀yìn 2,540. Àpapọ̀ ti àkọ́kọ́ 6,620, ti èkejì 5,800. Ìyàtọ̀ wọn, 820, ni imú kámpà. Fi kún 5,880, kámpà yín wọn 6,700, imú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára. Iwájú ọkọ̀ pàdánù 260. Pépà òṣùwọ̀n ti ìgbà tí ẹ fi ọ̀pá sí i gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó kéré tán ìdajì rẹ̀ ti padà.

Ní tèmi, fún kámpà 7,000 àti àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn tí o dárúkọ, píkọ́ọ̀pù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, F-250 ti Ford tàbí 2500 ti Ram tàbí Chevrolet, tó ń lo bẹntiróòlù ni kó o rà. Á le díẹ̀ lára yín nígbà tí kò bá sí ẹrù, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á gbà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kó o ra ti dísù. Dísù lágbára lóòótọ́, bíréèkì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń tuni lára nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yẹn wúwo, ìwúwo rẹ̀ sì ń jáde nínú ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ó di kámpà 10,000 sókè kí n tó ní kó o wò ó. Oníná ńkọ́? Bó bá ti ń fa kámpà, bí ìdajì ọ̀nà tó lè rìn ló ń lọ. Bó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ fi F-150 sílẹ̀, wá èyí tí sítíkà rẹ̀ tó 1,800, tàbí kí ẹ ra kámpà tó kéré sí i. Bó bá sì jẹ́ F-250 lẹ fẹ́, má ra èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, torí F-250 tó bá rí bẹ́ẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 22 lọ, wọn ò sì gba ọkọ̀ tó bá ju 21 lọ láti gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Going-to-the-Sun ní ọgbà ìjọba Glacier kọjá láàárín Avalanche àti Rising Sun. Ẹ lè fi kámpà sílẹ̀ ní ibùdó, kí ẹ sì fi ọkọ̀ nìkan lọ, bí ọkọ̀ náà bá kúrú tó.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, máa ń pàdánù bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá gùn. Ihò Eisenhower ní Colorado, tí ọ̀nà mọ́tò gbà kọjá nínú òkè, ga ju 11,000 lọ. Òkè Ìdànrè ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdá mẹ́ta agbára ọkọ̀, ìdá kan ti lọ kó o tó débẹ̀, nítorí náà rọra gùn ún. Nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, fi jíà kékeré sí i látòkè. Má fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró, torí bó bá gbóná jù, omi inú rẹ̀ á hó, pẹ́dà á sì wọlé lófìfo.

Kámpà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ní Texas, ó ti di òfin bó bá ju 4,500 lọ. Ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ rẹ, torí pé bí kámpà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, òun ló máa gbà yín: gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, má fọwọ́ kan bíréèkì ọkọ̀, kó o fi ọwọ́ tẹ ti kámpà nìkan díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tọ́.

Bọ́ọ̀lù ìkọ́ náà ńkọ́? Iye tí wọ́n tẹ̀ sára ẹnu kámpà ni kó o rà. Bọ́ọ̀lù íǹṣì 2 lè wọ inú ẹnu 2 5/16 kó sì dà bíi pé ó ti há, kòtò kan ṣoṣo ló máa yọ ọ́. Lẹ́yìn tó o bá ti há a, fi jáàkì imú kámpà gbé e sókè títí ìdí ọkọ̀ yóò fi gbéra díẹ̀. Bí kò bá yọ, ó ti há nìyẹn. Fi ṣéènì méjèèjì kọjá lórí ara wọn lábẹ́ ọrùn, kó lè gba ọrùn náà bó bá jábọ́.

Táyà kámpà kì í tètè jẹ, ó máa ń gbó ni. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, pààrọ̀ rẹ̀ bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Má sá ju 65 máìlì lọ fún wákàtí kan. Ní California, 55 ni òfin wọn fún ẹni tó ń fa nǹkan. Ọdọọdún ni kí wọ́n tú bíárìnì, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i.

Ní ti ìrìn àjò náà, 500 máìlì lójúmọ́ tí o kọ sínú ètò rẹ ti pọ̀ jù. Má ju 300 lọ, ẹ gúnlẹ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí ẹ sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbi kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá lè ṣe é. Láti Houston dé Grand Canyon jẹ́ bí 1,200 máìlì, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ibùdó Mather níbẹ̀ ò gba ohun tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, kò sì ní iná. Trailer Village ni tiyín. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba ló máa ń ṣí ìwé ní oṣù mẹ́fà ṣáájú lórí Recreation.gov, nítorí náà ẹ tètè jí. O ti kọjá ọdún 62, ra káàdì àwọn àgbà, Senior Pass: dọ́là 80 ni títí ayé. Ó ń mú yín wọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gé owó ibùdó sí ìdajì ní ibi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ kó o mú ní kókó. Nínú Medicare, ètò ìlera àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà, bó bá jẹ́ Medicare Advantage, èyí tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, lo yàn, bi wọ́n bóyá wọ́n á sanwó dókítà lóde agbègbè yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san ju ti pàjáwìrì lọ. Medicare ti ìjọba gan-an ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí dókítà bá ti ń gbà á ní Amẹ́ríkà. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà nínú ọkọ̀, kó má wà nínú kámpà.

Àkọ́kọ́ jáde yín, kó jẹ́ Galveston, alẹ́ méjì péré. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ilé ò jìnnà.

Ya fọ́tò sítíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi kó o tó sanwó: ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ti ihò ìkọ́, ti ara kámpà. Fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, màá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bá mi kí ìyàwó wa gidigidi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Àkúrẹ́.